Kí Ẹ Tó Dé Ẹsẹ̀ Òkè Volterra

Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti Cecina létí òkun lọ sí Volterra, ìlú àtijọ́ orí òkè ní Tuscany, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún rí i: àwọn àbúrò mi méjì ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. A ò tíì dé Ponteginori, abúlé kan lójú ọ̀nà, tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀. Mo pè wọ́n, wọn ò wẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí a ṣe ń lẹ táyà, tí ẹ mọ bí a ṣe ń sá sẹ́yìn ẹlòmíràn fún afẹ́fẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́, òkè yẹn ò le tó bí ẹ ṣe rò. Láti Saline di Volterra, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀, dé ẹnu odi ìlú, bíi kìlómítà 10 ni, ẹ ó sì gòkè tó nǹkan bíi mítà 450. Ohun tó ń pa èèyàn ni ọgbọ̀n kìlómítà tó ṣáájú rẹ̀ ní àfonífojì odò Cecina, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́, tí ẹsẹ̀ ṣì fúyẹ́, tí ẹ sì ti ń wo ìlú náà lókè réré bíi pé ọwọ́ lè tó o.

Ẹ̀kejì ni gíà. Nínú gíà tó fúyẹ́ jù lórí kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ gùn, eyín 39 ló wà lára irin tí ṣéènì ń gbà níwájú, 25 lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ yóò bá yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ̀kẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ máa sá tó kìlómítà 12 ní wákàtí. Bí ó bá jẹ́ eyín 34 níwájú àti 32 lẹ́yìn, kìlómítà mẹ́jọ péré ti tó. Ẹni tó ti rẹ̀ ò lè rí méjìlá yẹn sá lórí òkè, orúnkún rẹ̀ ló máa sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé gíà kékeré jẹ́ ti ọ̀lẹ, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Oṣù Keje ni, ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣáájú wa jù mí lọ dáadáa. Kí a tó gbéra, ó ní ẹni tí kò bá lè bá a rìn, kó padà sílé. Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Mi ò jẹun àárọ̀. Mo bọ́ síwájú, mo sì ń fi àyà gba afẹ́fẹ́ fún gbogbo wọn láti Cecina dé Saline. Búrẹ́dì kan wà lápò mi, mo ní ó di orí òkè kí n tó jẹ ẹ́. Ebi ò sáà pa mí. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ nìyẹn: ṣúgà tí ara kó pa mọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ fún ẹni tó ń fi agbára gun kẹ̀kẹ́, ó sì lè tán kí ebi tó rántí pa ọ́.

Ó tán. A ò tíì gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn tútù ń ṣàn lára mi nínú oòrùn. Òkè amọ̀ aláwọ̀ eérú ló wà lọ́tùn-ún lósì, mi ò rí igi tí mo lè sá sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń kọjá lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yẹn wò mí, ó ní, "Mo ti sọ fún ọ," ó sì lọ. Mo bọ́ sílẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bu búrẹ́dì sẹ́nu, kò lọ, torí ẹnu mi ti gbẹ.

Nígbà tí mo ti kẹ̀kẹ́ dé Porta all'Arco, ẹnubodè àtijọ́ kan ní Volterra, wọ́n ti mu kọfí tán, wọ́n ti kọrí sí Montecatini Val di Cecina, ìlú mìíràn lórí òkè nítòsí. Àwọn ará Etruria, àwọn èèyàn àtijọ́ kan ní Ítálì, ló kọ́ ẹnubodè yẹn kí wọ́n tó bí Jésù. Lọ́dún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fẹ́ fi àdó olóró fọ́ ọ, àwọn ará ìlú hú òkúta ojú títì, wọ́n sì fi dí i pa láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n má baà wó o. Mo jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Odindi ìlú dúró ti òkúta, àwọn tí a jọ jáde nílé ò lè dúró tì mí. Kò tíì tán nínú mi dòní. Èmi nìkan ni mo darí wálé, afẹ́fẹ́ ọ̀sán láti òkun sì kọjú sí mi láti Ponteginori dé Cecina.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Ẹ tún fi nǹkan sẹ́nu kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró: oúnjẹ afúnnilókun bíi 60 gíráàmù ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sáré máa sáré lọ. Ẹ ṣẹ́ agbára kù fún afẹ́fẹ́ tí yóò kọjú sí yín nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo bá ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní kọ́nà kan lókè Saline, ó jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣá. Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀." Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀. Mo fún un ní omi ṣúgà tó wà nínú ike mi, mo sì jókòó tì í.