Báàfù Ìyá Àgbà

Ìyá àgbà mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, kì í wọn iṣu. Wọ́n á gbé e lọ́wọ́, wọ́n á mì í díẹ̀, wọ́n á jù ú sí ọ̀kan nínú òkìtì méjì: ńlá, kékeré. Ó parí. Èmi tí mo ń kọ́ sitatísíìkì ni mo wá rò pé ó ku nǹkan kan.

Mo lọ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹlẹ́ran àdúgbò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára iṣu, láti orí 1 dé 96. Iṣu ń yọ̀ lórí àwo òṣùwọ̀n, ni mo bá gbé báàfù Ìyá àgbà lé e, mo ń gbé iṣu sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ń pe ìwọ̀n, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. A ti ṣe bí ìdajì kí Ìyá àgbà tó jáde láti ilé ìdáná pé àwọn fẹ́ fi báàfù àwọn rẹ ẹ̀wà. Mo ní, "Ẹ máa gbé e lọ, mà." Ẹ̀wà ọjọ́ yẹn dùn gan-an. Àbúrò mi bá ń fi ọwọ́ kan di iṣu mú lórí òṣùwọ̀n, iṣẹ́ ń lọ.

Mixture model ni mo fẹ́ lò. A ó gbà pé ìran iṣu bíi mélòó kan ló dàpọ̀ mọ́ra wọn, ìran kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò wá yọ wọ́n lára ara wọn. Ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́: ní 1894, onímọ̀ sitatísíìkì Karl Pearson fi irú ìṣirò yìí pín akàn 1,000 láti Naples ní Ítálì, tí onímọ̀ ẹ̀dá oníyè Weldon wọ̀n, sí méjì. Ibi tó ti ń ta kókó ni iye ìran. Tí o bá fi í sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, àlejò tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún ni: kò ní sọ láé pé ó tó. Mẹ́ta bá a lára mu ju méjì lọ, mẹ́wàá ju mẹ́ta lọ. Fún iṣu kọ̀ọ̀kan ní ìran tirẹ̀, á jó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo BIC, ìlànà ìṣirò tí a fi ń yan iye ìran, tí Gideon Schwarz gbé jáde ní 1978. Ìran kọ̀ọ̀kan tí o bá fi kún un, wàá san owó orí mẹ́ta: ti ìwọ̀n àárín rẹ̀, ti bó ṣe fẹ̀ tó, ti ìpín tó kó nínú gbogbo iṣu. Bí èrè ò bá tó owó orí, ó di ilé.

BIC ní mẹ́rin. Ó fọwọ́ sọ̀yà.

Mo to òkìtì mẹ́rin síwájú ilé, mo dá iye lé wọn: 500 sẹ́fà, 900, 1,200, 1,800. Ìyá àgbà wò wọ́n títí.

"Ọmọ mi, ìwọ̀nyí àti ìwọ̀nyẹn, kí ló dé tí wọ́n fi ń bá ara wọn jà?"

"Ẹ ò lè fojú rí i, mà. Ìṣirò ni."

Wọ́n ní ó dáa.

Àwọn oníbàárà dé. Ìyá kan gbé iṣu kan nínú òkìtì kẹta, ó gbé òmíràn nínú ìkẹrin, ó wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì títì. Kó tó di ọ̀sán, òkìtì kìíní àti ìkẹta ti tán pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ìkejì àti ìkẹrin. Ẹ wá wo òmùgọ̀: mo ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará ibí kò fẹ́ràn oríṣi méjì yìí.

Ìgbà tí mo ń kó èyí tó ṣẹ́kù wọlé ni ojú mi bọ́ sára ṣọ́ọ̀kì. 12. 31. 7. 44. Mo yẹ gbogbo wọn wò, kò sí èyí tó kọjá 50.

Mo sáré lọ sí ilé ìdáná, mo gbọn báàfù náà gbẹ, mo gbé e lé òṣùwọ̀n. Kílò kan àti gíráàmù irínwó. Mo ṣí kọ̀ǹpútà: ìwọ̀n àárín ìran kejì fi kílò 1.4 ju ti ìkíní lọ. Ìkẹrin fi 1.4 ju ìkẹta lọ. Kọ̀ǹpútà ò purọ́ o, mẹ́rin ni wọ́n lóòótọ́: ńlá, kékeré, ńlá tòun ti báàfù, kékeré tòun ti báàfù.

Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí. Mo ṣàlàyé. Wọ́n gba báàfù lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i po.

"O fẹ́ kí wọ́n san 1,800 lórí èyí? Ṣé ó ṣeé gún ni?"