Ìràwọ̀ Nínú Ẹ́ńjìnnì

Jẹnẹrétọ̀ ló kó mi sínú wàhálà yìí. Ẹ mọ èyí kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour. Mo ti tú u palẹ̀, mo sì ti tò ó padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣíkúrúù kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àtìgbà náà ni orí mi ti wú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹnjiníà. Èmi náà, dípò kí n sọ pé rárá o Màmá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, mo ń dáhùn.

Màmá ní ọkọ̀ onígi kan àti ẹ́ńjìnnì Yamaha fọ́tì kan tí olóògbé ọkọ wọn fi sílẹ̀. Nítorí agbára ẹṣin ogójì tó ní ni a ṣe ń pè é ní fọ́tì. Sílíńdà rẹ̀ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Okùn la fi ń fà á. Bí jẹnẹrétọ̀ mi ṣe ń mu epo náà ló ń mu ún: a ó po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ìdajì lítà ọ́ìlì sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ohun tí mo rí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Bí iṣẹ́ bá parí, inú ahéré tí Màmá ti ń yan ẹja la máa ń gbé fọ́tì kọ́ sí. Òórùn ẹja ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bí ẹ bá ṣí fìlà rẹ̀ (fìlà ni à ń pe ìdérí òkè yẹn), ńṣe ni á máa ṣe yín bíi kí ẹ lọ ro ẹ̀bà. Orí fìlà yìí sì ni olóńgbò Màmá máa ń sùn. Alága ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ibi tó jókòó sí tí kò ní dà bíi pé òun ló pe ìpàdé. Irun rẹ̀ kún gbogbo ara fìlà. Ọjọ́ tí mo gba oyè Ẹnjiníà, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fi ìgbálẹ̀ lé Alága jáde, mo sì fi igi ti ilẹ̀kùn ahéré kó má baà padà wọlé. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó gba ilé ìyá alákàrà lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fọ́tì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àárọ̀ kùtù ló máa ń ṣe é: pọ̀-pọ̀-pọ̀-pọ̀, pọ̀, pọ̀-pọ̀, yóò mí kanlẹ̀, yóò dákẹ́. Mísífáyà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Màmá ní kí n jẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì ojú omi. Mo ní, "Màmá, kí ni mo wà fún?"

Mo tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, àwọn tó ń ta iná sí epo nínú sílíńdà. Ti òkè rí bí ẹ̀pà tí wọ́n yan dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ dára. Ti ìsàlẹ̀ dúdú kirikiri, ó tutù, ó ń kán epo tótó. Èyí tó tutù ni kò jóná, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ra tuntun, B7HS bíi ti tẹ́lẹ̀, mo dè é. Lọ́jọ́ kejì ó tún dúdú. Mo wá ní epo ni. Mo bu epo sínú ìgò funfun, mo gbé e kalẹ̀ kí n lè wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀, torí omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Mo lóṣòó tì í fún odindi ìdajì wákàtí. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá dúró tì mí, ó ní, "Ùńkù, àgbo wo nìyẹn?" Mi ò dá a lóhùn. Kò sí omi níbẹ̀.

Ó wá ku kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Nǹkan tí ojú mi rí lórí kábúrétọ̀ yẹn, mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé inú gàárì la ti rí sípíríìnì kan. Lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn tó mú hánhán, mo gbé fọ́tì sínú dúrọ́ọ̀mù omi, mo fà á. Ó dún bíi tuntun! Omi ń tọ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀ geere. Màmá ṣàdúrà fún mi. Mo ti ń ronú iye tí n ó máa gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Bí a ṣe gbéra lọ sí Èjìnrìn lọ́jọ́ kejì nìyẹn: èmi, Màmá, ọmọ àbúrò mi yẹn, agbọ̀n ẹja mẹ́rin, àti ìyá aládùúrà kan tó bẹ̀ wá pé ká gbé òun. Àlọ dùn bí oyin. Nígbà tí a ń bọ̀ lálẹ́ ni òjò winniwinni bẹ̀rẹ̀. Kò pọ̀, ó ṣáà tó láti rin aṣọ. A kò tíì jìnnà sí èbúté tí fọ́tì fi húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó dákẹ́, ọkọ̀ sì ń fì láàárín ọ̀sà.

Màmá kígbe nínú atẹ́gùn: "Àjẹ̀ dà? Ẹ wá àjẹ̀ fún mi!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé atẹ́gùn kì í gbé àmì ohùn dáadáa. Ìyá aládùúrà fò dìde. "Àjẹ́ kẹ̀? Mo mọ̀! Láti Èjìnrìn ni ara ti ń fu mí! Iná! Iná!" Ó ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, ọkọ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, agbọ̀n kan sì dojú dé. Ọpẹ́lọpẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi tó wà lọ́rùn gbogbo wa. Màmá di aṣọ rẹ̀ mú, wọ́n fà á jókòó. "Mo ní àjẹ̀! Igi tí a fi ń wakọ̀!" Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ibo ló wà?"

Mo wolẹ̀. Igi tí mo fi ti ilẹ̀kùn ahéré mọ́ Alága ńkọ́? Òun ni àjẹ̀.

Màmá wò mí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ó sàn kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Mo ní kò burú, n ó wá ibi tí àìsàn wà. Mo ṣí fìlà, mo fa okùn, ó jí, ó ń húkọ́. Tí ẹ bá yọ orí wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí ohùn rẹ̀ kò sì yí padà, sílíńdà yẹn ló ti kú. Ohun tí wọn kì í gbàgbé láti sọ fún ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ni pé pílíáṣì onírọ́bà la fi ń yọ ọ́. Èmi ò kọ́ṣẹ́. Mo fi ọwọ́ tútù di wáyà ìsàlẹ̀ mú.

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, inú agbọ̀n ẹja ni mo wà. Ìyá aládùúrà ní, "Ẹ rí i? Mo sọ fún yín." Mi ò lè bá a jiyàn.

Ilẹ̀ ti ṣú. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti kú, a ò rí ara wa mọ́. Màmá ló ń fa okùn báyìí, wọ́n ní àwọn á gbìyànjú títí ọkọ̀ kan á fi kọjá. Ọmọ yẹn ló ní, "Ùńkù, ìràwọ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì." Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ó tún ti ṣẹ́jú."

Mo yíjú. Lóòótọ́ ni! Bí Màmá ṣe ń fa okùn, iná búlúù tín-ín-rín kan ń fò láti ara wáyà púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ bọ́ sára irin, táà, táà. Ara wáyà ti bó, iná kò dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì mọ́, ó ti rí ọ̀nà àbùjá. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, iná kò lè fò. Bí ìrì tàbí òjò bá kàn án, ó fò. Gbogbo àyẹ̀wò mi, nínú oòrùn ọ̀sán ni mo ti ṣe é. Ẹ̀yin ẹ wo ayé mi.

Mo fi ìṣẹ́tí aṣọ Màmá nu wáyà títí ó fi gbẹ, mo fi ọ̀rá píọ̀-wọ́tà wé e nígbà mẹ́fà. Kó má baà kan irin, Màmá yọ pákò lẹ́nu, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n ní, "Gbà, Ẹnjiníà." Mo fi pákò ti wáyà sẹ́yìn. Màmá fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pọ̀-pọ̀-pọ̀-pọ̀-pọ̀, kò já títí a fi dé Ẹ̀pẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, a wo wáyà náà dáadáa. Ojú eyín ló kún ibẹ̀, wẹ́wẹ́, méjì-méjì. Màmá gbé e sí imú, wọ́n gbóòórùn ẹja. Wọ́n wo ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ahéré. Wọ́n wá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹnjiníà, ta ló máa ń sùn síbí yìí tẹ́lẹ̀ tí eku kì í fi í dé ibẹ̀?"

Owó wáyà tuntun kò dùn mí tó ẹ̀bẹ̀ tí mo lọ bẹ̀ nílé ìyá alákàrà. Obìnrin yẹn ní ọmọ òun ni Alága báyìí, ó ti mọ ojú oníbàárà. Àrọ̀ yíyan ńlá méjì ni mo san kó tó gbà. Bí a ṣe délé, Alága fò gun orí fìlà, ó yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó, ó sì dijú. Bí iṣẹ́ bá ti kan fọ́tì báyìí, Màmá á ní kí n kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Alága.