Ajá ₦8,000, bíìlì ₦89,500

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo kọ nǹkan kẹ́yìn, ẹ má bínú, ajá ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ni o, ajá.

Oṣù kejì ni mo rà á lọ́wọ́ ọmọ ọdẹ kan lẹ́yìn ọjà níbí ní Ìsánlú, ₦8,000, ó kéré débi pé inú àpò jákẹ́ẹ̀tì ni mo gbé e sí délé. Màmá mi ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ ajá lórúkọ, wọn kì í sọ ọ́ ní Bíńgò lásán, ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn ni wọ́n ń fi ajá rán sí aládùúgbò, torí náà tí Màmá bá ti bọ́ síta láàárọ̀ tí wọ́n ń pariwo "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la!" ìyá ilé kejì á ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọmọ tó tà á fún mi sọ fún mi o, pé kí n gba abẹ́rẹ́ fún un kó tó pé oṣù méjì. Mo ní èló, ó ní bíi ẹgbẹ̀rún méje, mo bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ajá fúnra ẹ̀? Àwọn ajá bàbá mi láyé ọjọ́un, ta ló gún wọn lábẹ́rẹ́? Ohun tí mi ò rántí nígbà yẹn ni pé tí ajá bàbá mi bá bí mẹ́fà, bóyá méjì ló ń dàgbà.

Sátidé kan, Tanímọ̀la ò jẹun. Tó di alẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kílẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó mọ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, òórùn ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Màmá ti rọ epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n ní bóyá májèlé ló jẹ. Bàbá ẹ̀yìnkùlé wa wá, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n tètè gbé e fún àwọn tó ń se 404, ẹran ajá, kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, ó kéré tán mo á rí nǹkan gbà padà nínú owó mi. Mi ò dá wọn lóhùn. Ẹran aláìsàn!

Ìṣòro tiwa níbí ni pé tó bá jẹ́ èèyàn ni, a mọ̀nà hospital Egbe, kò ju ká wá mọ́tò lọ. Ajá ńkọ́? Mo pe ọ̀gá kan tó máa ń tọ́jú ẹran-ọ̀sìn káàkiri, ó ní tó bá ṣe ewúrẹ́ ni òun ń bọ̀ báyìí báyìí, àmọ́ eléyìí dírípù ló máa gbà, kí n wá fẹ́ẹ̀tì tó ní ilé ìwòsàn lọ. Ìlú mìíràn nìyẹn. Mo gbé ajá sínú páálí Indomie, mo lọ sí gáréèjì, dẹ́rẹ́bà wò wá, ó ní ajá á san owó àga. Mo ní orí ẹsẹ̀ mi ló máa wà. Ó ní òórùn ẹ̀ nìkan ti gba àga méjì. Kò sì parọ́. ₦3,000 tí mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ nìyẹn, a ò sì tíì dé Mopa.

Ilé ìwòsàn náà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí wọ́n ṣe dáadáa fún mi lápá kan. Ọmọbìnrin tó wà ní iwájú ní káàdì ₦2,000, rírí dókítà ₦5,000. Mo san, ọkàn mi balẹ̀, mo ní ṣé ẹgbẹ̀rún méje náà ni wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí? Mo jókòó. Wọ́n pè mí padà, ọjọ́ Sọ́ńdè ni o, owó ìsinmi dókítà ₦5,000. Mo san. Dókítà dé, ọmọdékùnrin kan báyìí, ó fọwọ́ kan ikùn ajá, ó ní pávò ló jọ àmọ́ òun fẹ́ dán an wò kó dá òun lójú, tẹ́ẹ̀sì yẹn ₦12,000, ti ẹ̀jẹ̀ ₦4,000. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n ti lọ, ajá ò tíì fojú kan oògùn o! Tí mo bá ní kí n dìde, mo á rántí pé mo ti san ti ẹ̀yìn, màá tún jókòó, bí ẹni tó ta ayò tó ti ń pàdánù.

Pávò ni lóòótọ́. Dókítà ṣàlàyé fún mi, ó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé, ó ní ìfun ajá ni kòkòrò yẹn ń bà jẹ́ àti mùdùnmúdùn inú eegun, kò sì sí oògùn tó ń pa á lọ́wọ́ àwọn. Dírípù ni, kí omi ara ẹ̀ má baà tán, abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, antibáyótíìkì kí àrùn mìíràn má baà gba ẹ̀yìn wọlé, kí ara ajá fúnra ẹ̀ wá máa jà. Mo ní ó dáa, ẹ ṣe é. Mi ò béèrè pé èló lójúmọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ajá ń wò yín lójú báyẹn, ta ló ń ṣírò?

₦9,500 ni lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́rin. Ibi tó sùn, ₦3,000 lálẹ́ kan, alẹ́ mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀ ń bọ̀ lórí Wọ́sáàpù ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, "ẹ káalẹ́ sà, ó ti mu omi díẹ̀ lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi ti òní ránṣẹ́," èmi náà á lọ sọ́dọ̀ oní-POS torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì mi, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ gbé e, wọ́n tún ní oògùn ilé ₦6,500, owó ìfọ̀ yàrá ₦5,000. Ìfọ̀ yàrá! Ibẹ̀ ni mo ti bínú gan-an. Mo ní ṣé èmi ni mo ń sùn ńbẹ̀ ni?

Dókítà pè mí wọlé. Ó ní kòkòrò pávò lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó máa dúró de ajá mìíràn, ọṣẹ lásán ò ràn án, háípò ni wọ́n fi ń fọ gbogbo ibi tó fara kàn, kí èmi náà lọ fọ ilé mi bẹ́ẹ̀, kí n má sì mú ọmọ ajá kankan wọ àgbàlá yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣí fíríìjì hàn mí, ó ní àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n òtútù, iná tó bá lọ ọjọ́ kan péré lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e, epo tí wọ́n ń rà tí kò tó ₦200 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2023 ti kọjá ₦1,000 lójú òun, àwọn tẹ́ẹ̀sì àti abẹ́rẹ́ ajá yìí sì rèé, òkè òkun ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, dọ́là tó wà ní ₦460 àti díẹ̀ ṣáájú oṣù kẹfà ọdún yẹn ti lé ní ₦1,500 nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ìyẹn yé mi. Èmi náà ń rajà.

Mo ní dókítà, kì í ṣe iye ẹ̀ ló ń dùn mí, kí ló dé tẹ́ ò sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Sà, tí mo bá pe ₦90,000 fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní gbé e padà sílé?"

Mi ò lè dáhùn. Torí màá gbé e padà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ajá ₦8,000! Màá gbé e padà, màá sun ẹkún díẹ̀, màá gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Síbẹ̀síbẹ̀ mi ò gbà fún un tán títí di òní. Owó mi ló fi ṣe ìpinnu, kò sì bi mí. Tí ajá yẹn bá kú lọ́jọ́ kẹta ńkọ́, ọ̀rọ̀ wo la máa sọ? Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí tiẹ̀ kú lọ́jọ́ kejì, ó ṣì sanwó ibi tí òkú sùn mọ́jú.

Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni Màmá mi. Ewúrẹ́ méje ni wọ́n ní, wọ́n sì ń gún wọn lábẹ́rẹ́ àrùn tó ń ṣe ewúrẹ́ ní ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru yẹn, àwọn dókítà ń pè é ní PPR. Abẹ́rẹ́ ti ewúrẹ́, Nàìjíríà wa níbí ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Vom ní Plateau, níbi iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924. Àmọ́ ìgò kan ewúrẹ́ 50 ló wà fún, tí wọ́n bá sì ti pò ó, kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ tó ti bàjẹ́. Ẹlẹ́wúrẹ́ méje tó bá dá ra ìgò kan, ti 43 ló dà nù yẹn. Kí wá ni Màmá ṣe? Wọ́n rìn yíká àdúgbò lálẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá ilé kejì tí wọ́n ń fi ajá bú, wọ́n kó ewúrẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta jọ, lẹ́yìn náà wọ́n wá pe ọkùnrin abẹ́rẹ́ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ jẹ́ èló, títí kan bẹntiróòlù ọ̀kadà rẹ, títí kan oúnjẹ tó o máa jẹ níbí?" Ó dá iye kan, wọ́n pín in sórí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan, kálukú mú tiẹ̀ wá láàárọ̀. Ọkùnrin yẹn jẹ iyán, ó gún ẹran, ó lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ owó ìfọ̀ yàrá.

Tanímọ̀la ti sanra báyìí, ó ti jẹ sálúbàtà mi ọ̀tún, ó fi ti òsì sílẹ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀ tó kù sórí káàdì, ti dìgbòlugi wà lára ẹ̀, ìyẹn ni dókítà ní kí n má fi ṣeré rárá, torí tó bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló kù. Mo pè é lánàá. Mo ní dókítà, gbogbo ẹ̀ jẹ́ èló, títí kan káàdì, títí kan rírí yín, títí kan ibi tí ajá bá fẹsẹ̀ tẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó dá iye kan, mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, ó kọ ọ́. Mo ní tí mo bá wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Ó ní, "Sà, ẹ má wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Túsìdé là ń lọ. Owó àga Tanímọ̀la nìkan lèmi àti dẹ́rẹ́bà ṣì ń fà.