Omi Tí Wọ́n Fi Wẹ Òkú

Obìnrin kan ń rìn láàárín ìgboro. Aṣọ dúdú ló wọ̀, kò wọ bàtà, ó sì gbé bàsíà funfun kan dání. Bó bá rìn díẹ̀, yóò dúró, yóò gbé bàsíà náà kalẹ̀, yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tún gbé e, tí yóò máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ibi tó bá gbà kọjá ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ ní pupa lórí ilẹ̀. Mo ti wo fídíò yìí tó ìgbà mẹ́ta, ohun tó sì máa ń ká mi lára jù níbẹ̀ ni bí àwọn èrò ọ̀nà ṣe ń wò ó fìrí, tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Regina José Galindo ni orúkọ obìnrin náà, oníṣẹ́ ọnà ni, Guatemala City, olú ìlú orílẹ̀-èdè Guatemala ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ló sì ti rin ìrìn yìí ní ọdún 2003. Ìbéèrè ló fi ṣe àkọlé rẹ̀: ta ló lè pa ipasẹ̀ wọ̀nyí rẹ́? Iwájú ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, iwájú ààfin ìjọba ló sì parí sí, nítorí ilé ẹjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Efraín Ríos Montt láyè láti du ipò ààrẹ, bẹ́ẹ̀ òfin ìpìlẹ̀ kò gba ẹni tó bá ti fi ìbọn gbàjọba rí láyè láti dé ibẹ̀. Ní 1982 ni ọ̀gágun yìí gbàjọba. Láàárín nǹkan bí oṣù 17 tó lò lórí oyè, àwọn ọmọ ogun pa àwọn ará abúlé Maya, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, nípakúpa. Oníwàásù sì ni pẹ̀lú: lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n, yóò máa wàásù ìwà rere fún àwọn ará ìlú. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ogun abẹ́lé ọdún 36 tí Guatemala jà sọ ní 1999 pé àwọn tó kú àti àwọn tó di àwátì nínú rẹ̀ lé ní 200,000.

Galindo kò ya àwòrán òkú kankan, kò sì la ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi fa ìlà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ọ̀gágun náà fẹ́ padà sí, ẹ̀jẹ̀ ló sì fi fa ìlà ọ̀hún. Nígbà tó dé iwájú ààfin, tó bá àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, ó gbé bàsíà náà kalẹ̀ síwájú wọn. Ríos Montt fìdí rẹmi nínú ìdìbò náà. Ní 2013, wọ́n dá a lẹ́bi ìpakúpa ẹ̀yà, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n 80 ọdún, àmọ́ ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ tí Galindo ti gbéra yẹn wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Ríos Montt kú ní 2018.

Nígbà tí ìyá ìyá mi kú, mo wà nínú yàrá tí àwọn àgbà obìnrin méjì ti wẹ òkú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan omi náà, ó ní ó ti tutù jù, ó sì ní kí n lọ bu omi gbígbóná wá kún un. Mo bù ú wá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí ni òkú fẹ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé wíwẹ òkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí rárá. Ọ̀nà tí alààyè ń gbà sọ pé ẹni yìí ṣì jẹ́ ènìyàn ni, yálà ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ gbà pé ọ̀run wà tàbí kò gbà. Bí mo bá rí iṣẹ́ ọnà òde òní tó dá lórí ikú, omi ni mo máa ń kọ́kọ́ wá níbẹ̀: ta ló ń fọ kí ni, ta ni kò sì rí ẹni wẹ̀ ẹ́?

Ní 1997, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan níbi Biennale, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní Ítálì, oníṣẹ́ ọnà Marina Abramović jókòó lórí òkìtì egungun màlúù, nǹkan bí 1,500, tí ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bẹ lára wọn. Ó ń fi búrọ́ṣì àti omi fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ń kọ orin ìgbà èwe rẹ̀. Ooru mú, egungun ń rà, ìdin yọ, òórùn náà kò sì ṣeé fẹnu sọ. Belgrade, olú ìlú Yugoslavia ìgbà náà, ni wọ́n bí i sí, ogun tó fọ́ orílẹ̀-èdè náà sí wẹ́wẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ nígbà náà. Aṣọ funfun tó wọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí bó ti ń fọ egungun tó ni ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lára egungun bọ́ sára aṣọ, tó fi jẹ́ pé kò sí ohun tó mọ́ nínú yàrá náà ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn ló kọ́ wa pé omi ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Abramović kò fún ara rẹ̀ ní ìdáríjì ọ̀fẹ́ yẹn, kò sì fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà tí wọ́n fún un lọ́dún náà tọ́ sí i.

Ti Teresa Margolles ló wá le jù fún mi. Ọmọ Mẹ́síkò ni, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tó ń tọpinpin ohun tó pa òkú, ilé ìgbókùúsí ló sì ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan, hóhò ọṣẹ roboto-roboto, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ fi ṣeré, ń já bọ́ láti òkè sára àwọn tó wá wòran. Inú wọn máa ń dùn sí i títí wọn yóò fi kà lára ògiri pé omi tí wọ́n fi wẹ òkú kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò ló wà nínú rẹ̀. Mi ò gba gbogbo ohun tó ṣe wọlé. Ní ọdún 2000, ó fi ahọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n pa hàn. Ó gbà á lọ́wọ́ ẹbí, òun náà sì fún wọn ní pósí, nítorí wọn kò lówó tí wọn yóò fi sin ín. Ẹbí gbà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé òun kò gbà nígbà tí òkú ọmọ òun wà nílẹ̀?

Síbẹ̀, ohun tó ṣe ní Venice ní 2009 kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni kí á tún máa sọ, ni àkọlé rẹ̀. Ó gba ilé ńlá àtijọ́ kan, ó sì fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn, tí àwọn ẹbí òkú wà lára wọn, ń fi omi nu ilẹ̀ náà, omi tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó níbi tí wọ́n ti pa àwọn ènìyàn ní àríwá Mẹ́síkò, lásìkò tí ìjọba ń bá àwọn oníṣòwò oògùn olóró jagun. Níbi tí wọ́n ti pa wọ́n, wọ́n ti fọ ojú títì, ọkọ̀ ti ń kọjá, ó ti parí. Ní Venice, omi náà gbẹ mọ́ ilẹ̀, wọ́n tún nu òmíràn lé e lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò sì ń rìn kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn kó o jáde lọ sílé.