Àdéhùn Ẹnu ní Ìbàdàn, Àdéhùn Ẹnu ní Houston

Nígbà tí a wọ yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti ń múra ní yunifásítì kan tó ń wá ọmọ mi, ní oṣù Kẹfà 2025, aṣọ kan ti wà lórí ìkọ́ tó ń dúró de ọmọ mi. Orúkọ bàbá mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, wọn kò ṣi ẹyọ kan. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ti di ọdún méjìdínlógún tí mo ti dé Houston, kò sì sí ọ́fíìsì tí mo dé tí wọn kì í da orúkọ yẹn rú mọ́ mi lójú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń mú wa yí ọgbà ká pè é bó ṣe yẹ. Ó ní òun fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ ọ.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Mo fa ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́ o." Èdè òyìnbó ni mo fi sọ ọ́, àmọ́ bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Ó fèsì pé bí ọmọ bíbí inú òun lòun yóò ṣe mú un. Ojú ọ̀nà ni a wà tí ọmọ mi fi tẹ̀ wọ́n láago pé òun gbà. Kó tó di alẹ́, àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ yẹn ti gba orí fóònù gbogbo ojúlùmọ̀ wa.

Èmi náà pe Ìbàdàn. Gbogbo ohun tí ìyá mi mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù yìí ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àti pé wọ́n máa ń kọlu ara wọn bí àgbò. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ "yunifásítì", ó sì gbọ́ "ọ̀fẹ́". Alẹ́ ọjọ́ náà ló rẹ ẹ̀wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dín àkàrà, ó gbé e yí àdúgbò wa ká ní Òkè-Àdó, ojúlé dé ojúlé, pé ọmọ ọmọ òun ti rí ibi ìwé lọ.

Ohun tí ọmọ mi ṣe lójú ọ̀nà yẹn, ìlérí ẹnu pé yunifásítì yẹn lòun yóò gbá bọ́ọ̀lù fún, ni wọ́n ń pè ní commit níbí. Mo rò pé ó yé mi, nítorí pé mo ti rí irú ẹ̀ rí nílé wa.

Ọdún 1994 ni bàbá mi mú àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní apá Géètì. Àwọn oníduùró méjì tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n gbé ọtí àti obì dání, wọ́n san owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n dá ọdún mẹ́rin. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, àmọ́ n kò rò pé ẹnikẹ́ni padà wo ìwé yẹn mọ́. Ohun tó ká wọn lára ni pé wọ́n ti sọ ọ́ lójú àgbà. Kò pé ọdún méjì tí àbúrò mi fi ní rẹwáyà ló wu òun, pé iná ọkọ̀ lòun fẹ́ máa tún ṣe, òun kò fẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi lọ sí Géètì nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí ọ̀gá náà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì dé ìgbùnwọ́, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó rárá. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Bàbá mi, àgbàlagbà tó ju ọ̀gá náà lọ dáadáa, ṣí fìlà, ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà kẹta, ó yọ̀ǹda rẹ̀. Wọn kò dá owó padà, bàbá mi kò sì bèèrè.

Àmọ́ nínú gbogbo ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kò sẹ́ni tó bi àbúrò mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìdí ilẹ̀kùn ló jókòó sí. Bí èmi náà ṣe ṣe JAMB nìyẹn. Bàbá mi ló sọ ohun tí n ó kà, òun ló sọ ilé ìwé tí n ó kọ sípò kìíní, nígbà tí máàkì kò sì tó, òun ló ní kí n lọ san owó kí n fi yí ilé ìwé padà. Yunifásítì tí mo fi sílẹ̀ kò mọ̀ pé mo lọ, èyí tí mo yà sí kò mọ̀ pé mo ń bọ̀. Títí mo fi jáde, kò sí olùkọ́ tó mọ ibi tí ilé wa wà.

Níbí, àwọn yunifásítì ni wọ́n ń wá ọmọ kiri. Òfin gbà wọ́n láyè láti máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án tó bá wà ní kíláàsì kọkànlá. Aago méjìlá òru ọjọ́ yẹn kò tíì kọjá tí fóònù ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n pè láti ilé ni, ẹ mọ bí ìpè òru ṣe máa ń rí fún àwa tí ìyá wa wà lókè òkun. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n o, láti ìpínlẹ̀ tí n kò dé rí, tí wọ́n ń kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bí ẹni ń kí ọba. Nílé wa, wọ́n nà mí nítorí bọ́ọ̀lù. Àwa ọmọ àdúgbò máa ń gbé taya méjì sójú títì ní ọjọ́ ìmọ́tótó nígbà tí ọkọ̀ kò bá rìn, bí bàbá mi bá sì bá mi níbẹ̀, pátíé ló máa gbẹ̀yìn eré. Ìwé ni ìwé, eré ni eré. Ní Texas, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ìlú ló ń kóra jọ sí pápá ilé ìwé girama, iná ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti pápá eré tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn lọ, eré yẹn ló sì ń san owó ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlérí yẹn kò ní ìdí. Ọdún kan gbáko ló gbà kó tó yé mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí ọmọ bá sọ kò de ọmọ, kò sì de yunifásítì. Àyè tí wọ́n ní lọ́dọọdún níye, ṣùgbọ́n iye ọmọ tí wọ́n ń ṣe ìlérí fún pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ọjọ́ tí ọmọ bá tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kejì ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í le díẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ láti 1964 pàápàá, National Letter of Intent, wọ́n ti pa á rẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2024, ìwé sikọ́láṣíìpù lásán ni wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ báyìí. Ní 2025, wọ́n tún fi gbèdéke lé iye agbábọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńláńlá lè ní, kò gbọdọ̀ ju 105 lọ, nítorí náà wọ́n já ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń fi kún un láìsí sikọ́láṣíìpù sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìjẹ̀bú, ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n pè é pé àyè ti kún, kí ó san owó ara rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ bó bá ṣì fẹ́ wá. Ọmọ yẹn ti kọ̀ fún ilé ìwé mẹ́ta nítorí tiwọn. Ìyá rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò lè wọlé.

Bí ọmọ bá wá yí padà, wọ́n á ní ó ṣe flip, àwọn àgbàlagbà tó ń wo bọ́ọ̀lù á sì máa bú u bí ẹni pé ó jí owó ìjọ. Mo ti wà lára àwọn tó ń bú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2021, Travis Hunter, ọmọ ọdún méjìdínlógún láti Georgia, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yunifásítì Florida State ló ń lọ, yí padà ní ọjọ́ ìbọwọ́lùwé gan-an, ó lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá Deion Sanders ní Jackson State, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọmọ tí òkìkí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà yà sí. Mo sọ níwájú ọmọ mi lọ́jọ́ náà pé ọmọ yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. N kò rántí sọ pé, kò tíì pé oṣù kan sẹ́yìn, akọ́nimọ̀ọ́gbá Lincoln Riley fi yunifásítì Oklahoma sílẹ̀ lọ sí USC, akọ́nimọ̀ọ́gbá Brian Kelly fi Notre Dame sílẹ̀ lọ sí LSU, tí àwọn ọmọ tí wọ́n fúnra wọn lọ pè wá wà nílẹ̀. Wọn kò pe ìyẹn ní flip. Wọ́n ní iṣẹ́ tuntun ni wọ́n gbà. (Hunter gba ife-ẹ̀yẹ Heisman, ti agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, ní 2024, ní Colorado, níbi tó tẹ̀ lé Sanders lọ.)

Ó yẹ kí n ti gbọ́n ṣáájú, nítorí pé ọ̀rọ̀ Mikel Obi, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà, ṣojú mi. Ní 2005, ìdí fẹ́ńdọ̀ oníwèé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá ni a ti ń jà á lójoojúmọ́. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún ni, Manchester United kéde pé àwọn ti rà á lọ́wọ́ Lyn ti Oslo, ó gbé aṣọ wọn sókè níwájú kámẹ́rà. Kò pẹ́ tó fi ní wọ́n ti òun ni, Chelsea lòun fẹ́. Ìdajì wa ní ọ̀dàlẹ̀ ni, ìdajì ní ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe bó ṣe wù ú. Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, Chelsea san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún United, mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Nígbà yẹn, èmi wà lára àwọn tó ń gbèjà ọmọ. Mi ò tíì lọ́mọ nígbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kọkànlá ni ọ̀rọ̀ kan ilé wa. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ orúkọ bàbá mi pè, tí mo fa ọmọ lé lọ́wọ́, ti gba iṣẹ́ ní ibòmíràn. Orí fóònù ni ọmọ mi ti kà á, bí gbogbo ayé ṣe kà á. Ilé ìwé mìíràn tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tún pè. Ó ní òun fẹ́ lọ síbẹ̀. Mo ní rárá, ẹnu wa ti jáde, ìyá mi ti pín àkàrà.

Ó wò mí. Kì í ṣe ọmọ tó ń jiyàn. Ó ní, "Dádì, ta ni mo ṣèlérí fún gan-an? Ẹni tí ẹ fà mí lé lọ́wọ́ ti lọ."

N kò rí èsì fọ̀. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró níbẹ̀ títí ẹ̀fọn fi lé mi wọlé. Ojú ìdí ilẹ̀kùn yẹn ní Géètì ni mo ń rí, àti àbúrò mi, ọwọ́ lẹ́yìn, tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Rẹwáyà ni lónìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Mo wọlé, mo sọ fún ọmọ mi pé ó lè lọ, ṣùgbọ́n kò ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ́. Ó fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń ṣe é. Mo ní a ó pe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi náà yóò sì wà níbẹ̀, kí ó gbọ́ ohùn àgbà.

Ọmọ mi dìde dúró kó tó tẹ nọ́ńbà náà. N kò sọ pé kó dìde. Ó ṣí kápù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó kí ọkùnrin náà, ó dúpẹ́, ó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ti òdìkejì wá ni pé, "Èló ni wọ́n fẹ́ fún ọ?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo mọ̀ pé láti 2021 ni òfin ti gba agbábọ́ọ̀lù láyè láti fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gbowó, mo mọ̀ pé láti 2025 ni yunifásítì fúnra wọn ti lè sanwó fún wọn, n kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀, ọmọ tó ń fi egungun rẹ̀ ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń retí "Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Mo ti pèsè ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọmọ mi dáhùn pé, "Kì í ṣe owó, sà. Kóòṣì mi ni kò sí níbẹ̀ mọ́." Mo gba fóònù, mo ní kó má bínú, mo dúpẹ́ fún òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ oṣù Kẹfà. Ó ní kò sí wàhálà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ló tọwọ́ bọ̀wé nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé rẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kápù tuntun lórí. Mo wọ agbádá lọ. Nígbà tí a délé, mo pe Ìbàdàn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, pé ilé ìwé ti yí padà. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé fóònù fún ọkọ òun. Ó bi í pé ta ni ó sọ fún níbi tó ti kúrò, ọmọ mi sì ní òun pè wọ́n ni, òun bẹ̀ wọ́n. Ìyá mi ní ó ṣeun. Ó ní kí ó pe orúkọ ilé ìwé tuntun náà fún òun díẹ̀díẹ̀ kí òun lè máa fi gbàdúrà. Òun náà pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ṣùgbọ́n o, ọkọ mi," ni ìyá mi wí, "ọjọ́ tí o bá ti gbé ẹrù rẹ wọ yàrá níbẹ̀, tí o ti sùn, tí o jí, kí o pè mí. Ọjọ́ yẹn ni n ó rẹ ẹ̀wà."