Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jiyàn

Kì í ṣe gbogbo irọ́ ni gaslighting. Òpùrọ́ lásán ń fẹ́ kí ẹ gba òun gbọ́. Ẹni tó ń ṣe gaslighting ń fẹ́ kí ẹ má gba ara yín gbọ́ mọ́. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí." "Ìwọ náà mọ̀ pé orí rẹ kì í dúró sójú kan." "Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé o ti ń ṣe bákan." Lẹ́ẹ̀kan péré, kò ju èdè àìyedè lọ. Ṣùgbọ́n bó bá di ojoojúmọ́, láti ẹnu ẹni tí ẹ fọkàn tán, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa ṣiyèméjì nípa ohun tó ṣojú yín kòrókòró.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òótọ́ ni, àmọ́ ìrántí ẹni tó kó o náà ṣeé yí. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni eré ọkọ̀ náà ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Nínú ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn mìíràn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò "kọlu", bí ìgbà téèyàn ní wọ́n fọ́ mọ́ra yángá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 16 nínú 50 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ líle yẹn ní àwọn rí gíláàsì tó fọ́; nínú 50 tó gbọ́ "kọlu", 7 ni. Gíláàsì kankan ò sì fọ́ nínú fíìmù náà. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu àjèjì bá lè ṣe èyí, ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ olólùfẹ́, òbí tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè ṣe lọ́dún mélòó kan.

Nítorí náà, ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó bá ẹni náà jiyàn. Ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bó ṣe rí lára yín ló máa kẹ́yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé ìdájọ́ ni wọ́n ń kọ: "Ó tún bú mi lónìí." Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sí ohun tí ẹ lè fi ìyẹn ṣe. "Ó ní, 'Ta ló máa gba wèrè gbọ́?'" lẹ ó lè padà wò.

Ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù tí ẹni náà mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀, ẹ má sì gbàgbé pé àkọsílẹ̀ àti fọ́tò lè yọ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹ fi àkáǹtì kan náà wọlé sí. Ìwé lásán tó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ sàn jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé náà han ẹni tó ń ṣe yín báyìí. Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù: bó bá ti rí i, ẹ̀yin lẹ di amí, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ á sì di ìgbàgbé. Ojú ara yín ni ìwé náà wà fún.

Bí ẹ bá ka àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin pa pọ̀, ẹ wá àwọn ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí Jennifer Freyd, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé lọ́dún 1997: ó sẹ́, ó kọjú ìjà sí yín, ó wá sọ ara rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹ lọ láti fẹjọ́ sùn, ẹ̀yin lẹ parí ẹ̀ sí ẹ̀bẹ̀. (Ìwé náà lè fi hàn pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé, kì í ṣe òun. Ìyẹn náà wúlò.) Ẹni tó gbàgbé ní tòótọ́, tí ẹ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó fúnra rẹ̀ kọ hàn án lórí ọ̀rọ̀ kékeré, á ní "Háà, má bínú." Ẹni tó ń ṣe gaslighting á bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi tọ́jú ẹ̀.

Lójúkojú, gbólóhùn kan ti tó: "Bí mo ṣe rántí ẹ̀ kọ́ nìyẹn, mi ò sì ní jiyàn lé e." Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo àlàyé tí ẹ bá fi kún un ló ti máa rí ohun tó máa dì mú. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé: "Ohun tí a fẹnu kò sí lónìí nìyí."

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti na ọwọ́ sí yín rí, tàbí tó ń halẹ̀, ẹ má dán ìdáhùn ṣókí yìí wò, ẹ má sì kéde pé ẹ fẹ́ lọ. Àsìkò àtilọ ló léwu jù. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àjọní sọ̀rọ̀, kí ẹ mú ìwé náà dání. Ẹ dá nìkan lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn. Ohun tí ẹ bá sọ fún agbaninímọ̀ràn níṣojú ẹni tó ń ṣe yín báyìí lè di ìjà nígbà tí ẹ bá délé.