Gbígbé ìkànnì jáde láti Ìkòròdú

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìkànnì fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹbúté Ìkòròdú, FTP, ọ̀nà kan láti kó fáìlì lọ sórí kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dúró, ni mo fi ń kó fáìlì ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nẹ́tíwọọ̀kì já nígbà tí fáìlì ń lọ lọ́wọ́. Tuntun dà pọ̀ mọ́ àtijọ́, ojú ìkànnì sì funfun báláú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù wa pa ni?"

Ìtìjú ọjọ́ náà ló lé mi dé ọ̀dọ̀ Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí fáìlì. Linus Torvalds kọ ọ́ ní ọdún 2005 fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe nítorí àtigbé ìkànnì jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Heroku, tí wọ́n ń gbé ìkànnì àwọn ènìyàn sórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ni wọ́n wá fi Git ṣe ọ̀nà àtigbé ìkànnì jáde, débi pé àṣẹ kan, `git push heroku main`, ti tó. Ohun tó mú mi dúró tì í ni pé kì í kó gbogbo iṣẹ́ lọ. Ohun tí kò tíì sí lọ́hùn-ún nìkan ló máa ń dì lẹ́rù, bí nẹ́tíwọọ̀kì bá sì já lójú ọ̀nà, wọn kì í gba ẹrù àbọ̀: ìkànnì àtijọ́ a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé èmi ni n óò tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù náà fúyẹ́. Bí ó bá gúnlẹ̀, ọ̀hún ni wọn yóò ti ka `requirements.txt`, fáìlì tí a to orúkọ àwọn ohun èlò sí, tí wọn yóò sì fi dátà tiwọn, kì í ṣe tèmi, wa gbogbo ohun èlò tí iṣẹ́ náà nílò jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣe àṣìṣe kan tó dùn mí. Mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú fáìlì, mo ṣe commit rẹ̀, ìyẹn ni pé mo fi í sínú ìtàn Git, mo sì rò pé pípa á rẹ́ nínú commit tó tẹ̀ lé e ti parí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtàn inú Git ṣì pa á mọ́ gedegbe. Mo ní láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà pátápátá, kí n tó fi orúkọ `.env`, fáìlì tí à ń kọ irú àṣírí bẹ́ẹ̀ sí, sínú `.gitignore`, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git kò gbọ́dọ̀ kó.

Láti 28 Oṣù Kọkànlá 2022 ni Heroku ti fòpin sí ọ̀fẹ́, nítorí náà a ń dáwó sí i lóṣooṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ọkọ̀ láti Kẹ́tù ni mo ti yí iye owó ẹja àrọ̀ padà. Nẹ́tíwọọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì kí a tó kọjá Májídùn, kò sì sí oníbàárà kankan tó mọ̀.